Láti Bonny dé Owerri: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan nínú ogun Biafra

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, ìjọba Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire kéde ní Abidjan pé òun gbà pé orílẹ̀-èdè tó dá dúró ni Biafra, tó ya kúrò lára Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, Nàìjíríà kéde pé Port Harcourt ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ọ̀gágun tó kó àwọn sójà wọ Port Harcourt ni Benjamin Adésànyà Mája Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Adjamé ní Abidjan nígbà yẹn gbọ́ ìròyìn méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ìlú tí wọ́n ti ń jẹun ti gbè sẹ́yìn àwọn tí ọmọ ìlú wọn ń bá jà.

Aṣọ ni mò ń tà ní Roxy ní Adjamé, níbi tí ìyá mi ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Orúkọ ilé sinimá kan ló di orúkọ àdúgbò náà. Bí a bá dárúkọ Roxy fún ará Abidjan lónìí, oògùn tí wọ́n ń tà lójú pópó ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwa tí a dàgbà síbẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ aṣọ, bàtà àti wọ́sìwọ́sì. Ará Ẹjigbò ló pọ̀ jù nínú Yorùbá Abidjan. Ẹni tó bá dé Ẹjigbò lásìkò ọdún á gbọ́ Faransé lójú títì lọ́tùn-ún lósì. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò tó wọn, ṣùgbọ́n a wà níbẹ̀. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pe gbogbo wa pọ̀.

Nílé wa, bàbá mi kì í sábà pe Adékúnlé ní Adékúnlé. Àkeekèé Dúdú ló ń pè é, bí gbogbo ayé ti ń pè é nígbà ogun. Ọmọ tó bá fò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n á ní ó fẹ́ ṣe bí Àkeekèé Dúdú. Mo gbọ́ Bonny, mo gbọ́ Calabar, mo gbọ́ Port Harcourt títí wọ́n fi mọ́ mi lẹ́nu bí orúkọ ibi tí ọkọ̀ gbaka ti ń já èrò. Owerri ni wọn kì í dárúkọ. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Owerri ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọ̀gágun tó jẹ́ gbọ́dọ̀ ka Bonny àti Owerri pọ̀, nítorí ìwà kan náà ló bí méjèèjì. Kì í dúró gbàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ kì í gba kí ohunkóhun fà sẹ́yìn.

Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1936. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Bachama ni ìyá rẹ̀, láti ìhà Adamawa. Irú ìbí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Òwò ti gbé ará Ògbómọ̀ṣọ́ dé òkè Ọya, ó gbé e dé Tamale ní Ghana, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ibi tí ẹsẹ̀ bá sì bá a dúró ló ń bímọ sí. Ọdún 1958 ló wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n rán an lọ sí Sandhurst ní England, ó sì gba ipò ọ̀gá ní oṣù Kejìlá ọdún 1960. Láti ibẹ̀ ó di Congo, pẹ̀lú àwọn sójà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó lọ sí Kasai.

Ní ọdún 1962, wọ́n fi ṣe sójà tó ń tẹ̀lé gómìnà ẹkùn Ìlà-Oòrùn, Sir Francis Akanu Ibiam, kiri. Mo máa ń ronú sí èyí gan-an. Adékúnlé gbé ní Enugu, ó dúró lẹ́yìn àgbà Igbo kan, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Kò tó ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà tí Ibiam fi wà lára àwọn àgbà tó ń gba Biafra nímọ̀ràn, tó dá oyè tí England fi dá a lọ́lá padà nítorí ìbọn tí England ń tà fún Nàìjíríà. Adékúnlé sì ń bọ̀ láti ojú òkun láti wá gba ilẹ̀ náà.

Kí ogun tó dé, ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Wellington ní India, ó ti ṣiṣẹ́ ní olú ilé iṣẹ́ ológun, wọ́n sì ti fi àwọn sójà tó wà ní Èkó sábẹ́ rẹ̀.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967, láti ìhà àríwá Biafra, níbi tí ẹsẹ̀ ti lè rìn. Bonny ní tirẹ̀ wà lẹ́nu òkun. Ibẹ̀ ni epo rọ̀bì ń gbà jáde lọ sókè òkun, ẹni tó bá sì di Bonny mú ti di ọ̀nà omi tó wọ Port Harcourt. Àwọn sójà Adékúnlé kò kọ́ ogun orí omi rí. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti kọ́ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ní Èkó, òkun ń bì wọ́n síwá bì wọ́n sẹ́yìn, wọn ò sì mọ̀ bóyá ẹni tó wà létí odò ń sùn ni tàbí ó ń retí wọn. NNS Nigeria, ọkọ̀ ogun tó tóbi jù tí ìjọba ní, ń yìnbọn láti ẹ̀yìn. Lokoja, ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ máa ń ṣí wálẹ̀ kí ènìyàn lè bọ́ sílẹ̀, ló ń gbé wọn súnmọ́ èbúté. Ilẹ̀ ọjọ́ 26 oṣù Keje kò ṣú kí Bonny tó bọ́. Ọmọ ogun Nàìjíríà kò ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí bàbá mi bá ń ròyìn rẹ̀, á dìde dúró, á fi ọwọ́ méjèèjì ṣí iwájú ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wa, bẹ́ẹ̀ kò dé Bonny rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, Biafra náà fò dìde. Àwọn sójà rẹ̀ kọjá odò Ọya, wọ́n gba Benin láàárín ọjọ́ kan, wọ́n forí lé Èkó, wọ́n dé Ọrẹ. Yorùbá ló ṣáájú wọn, Victor Banjo. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ogun Yorùbá àti Igbo ni ogun yẹn, ìbéèrè mi ni pé ta wá ni Banjo? Biafra fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa á ní Enugu ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ní ó dìtẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Benin yìí dá Adékúnlé padà láti Bonny. Ó fi ọ̀wọ́ kan sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ Bonny, ó kó ìyókù gba ojú omi wọ ìhà Escravos, Burutu, Warri àti Sapele. Wọ́n gba ọ̀wọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún Murtala Muhammed, ọ̀gá Ẹ̀ka Kejì, ó bínú, ó fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tí wọ́n sọ pé kí àwọn tó kù di Ẹ̀ka Kẹta, orúkọ tí wọ́n fún un kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó sọ ọ́ ní 3rd Marine Commando láìgba àṣẹ Èkó. Ìgbà tí Èkó máa fi mọ̀, orúkọ ti wà lẹ́nu àwọn sójà àti àwọn oníròyìn, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà mọ́.

Calabar bọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1967, láti ojú omi bákan náà, ọ̀nà Cameroon sì dí mọ́ Biafra. Lẹ́yìn náà wọ́n gba ìhà Opobo àti odò Imo wọlé, wọ́n ń gba àwọn ìlú etídò lọ́kọ̀ọ̀kan. Isaac Adaka Boro, ọmọ Ijaw tó ti gbìyànjú láti ya ilẹ̀ Niger Delta sọ́tọ̀ ní ọdún 1966, bá Adékúnlé jagun níbẹ̀ títí ìbọn fi pa á lẹ́bàá Okrika ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968. Oṣù yẹn gan-an ni Port Harcourt bọ́. Láàárín oṣù mẹ́wàá, Adékúnlé ti gba gbogbo etí òkun lọ́wọ́ Biafra. Èmi kò mọ ọ̀gágun mìíràn nínú ogun náà, ní ìhà méjèèjì, tó ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ní kò sí àríyá kankan ní Adjamé. Àwọn àgbà kìlọ̀ pé ẹni tó wà nílé onílé kì í jó lọ́jọ́ tí onílé ń ṣọ̀fọ̀. Ìwé ìròyìn àti rédíò Abidjan ń sọ nípa ìyà tó ń jẹ Biafra lójoojúmọ́. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di eegun wá sí Gabon, São Tomé àti Côte d'Ivoire kí wọ́n lè tọ́jú wọn. Àwọn Igbo wà tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin wa. Wọ́n ń gba owó kéékèèké sówó lọ́wọ́ ara wọn bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun. Ìyá mi fi kún un pé tí ọkọ òun bá fẹ́ gbọ́ rédíò Nàìjíríà, abẹ́ aṣọ ìbora ni wọ́n ń gbé e sí.

Kì í ṣe àánú nìkan ni Abidjan fi ran Biafra lọ́wọ́. Lẹ́yìn Port Harcourt, Biafra kò ní òkun mọ́, kò ní pápá ọkọ̀ òfurufú ńlá kan mọ́. Uli ló kù, títì tí wọ́n fẹ̀ kí bàálù lè máa balẹ̀ síbẹ̀ lóru. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1968, ìjọba de Gaulle ní Faransé sọ pé ó yẹ kí àwọn ará Biafra fúnra wọn pinnu ohun tí wọ́n fẹ́. Houphouët-Boigny ti ń rọ̀ ọ́ tipẹ́. Láti ìgbà náà ni ìbọn àti ọta Faransé ti ń gba Libreville àti Abidjan wọ Uli. Ẹrù tó ń kọjá lókè orí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Abidjan, orí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jagun ló ń lọ bá.

Ìgbà yẹn gan-an ni Adékúnlé ṣèlérí tó pa á lára. Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, OAU, fẹ́ ṣèpàdé ní Algiers ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968. Adékúnlé ní òun á fi lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyẹn ta Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà, lọ́rẹ láìpẹ́: Owerri, Aba, Umuahia. Aba bọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n gba Oguta láti ojú omi, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n dé Uli, ṣùgbọ́n Ojukwu, olórí Biafra, fúnra rẹ̀ dé ojú ogun, wọ́n sì lé wọn kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owerri bọ́ ní ọjọ́ 16. Umuahia kò bọ́.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí. Lójú omi, ìkánjú Adékúnlé jẹ́ agbára fún un. Ọkọ̀ ogun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ ibi tí ọta máa gbà wá, ẹni tó ń bá a jà kò sì mọ èbúté tó máa yọ sí. Nígbà tó wọ inú ilẹ̀ Igbo gan-an, kò sí ọkọ̀ ogun lẹ́yìn mọ́. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló ń gbé oúnjẹ àti ọta wá, igbó wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó wà nínú igbó náà sì wà nílé bàbá wọn. Ó tẹ àwọn sójà rẹ̀ lọ síwájú ju ibi tí oúnjẹ lè dé lọ, nítorí ìlérí tó ti ṣe fún Gowon.

Ọ̀rọ̀ ebi náà wà níbẹ̀, mi ò sì ní fò ó. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1968, àwọn oníròyìn ilẹ̀ Yúróòpù kọ ọ́ pé Adékúnlé sọ pé òun ò fẹ́ rí Red Cross, òun ò fẹ́ rí Caritas, òun ò fẹ́ rí àjọ ìjọ Ọlọ́run kankan, kí Igbo kankan má jẹun títí wọ́n á fi túúbá. Ọ̀rọ̀ yẹn lọ káàkiri ayé pẹ̀lú àwòrán àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú. Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ pé ìbínú ológun ni. Bí ìbínú ni, ìbínú ẹni tó ní agbára láti dí ọ̀nà ni, ọ̀nà sì dí. Àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá sí Côte d'Ivoire wà lára ohun tó ti ibẹ̀ jáde, ọdún 1970 àti 1971 ni wọ́n tó ń kó wọn padà sílé.

Ní Owerri, Biafra yí ọ̀wọ́ sójà tí Adékúnlé fi síbẹ̀ ká. Ọ̀gá wọn ni Etuk. Láti ìparí ọdún 1968 wọn kò lè jáde, kò sì sẹ́ni tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàálù ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn láti òkè, òmíràn a sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Mo kà á, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, títí di oṣù Kẹrin ọdún 2011, nígbà tí ogun Gbagbo àti Ouattara, àwọn méjì tó ń du ipò ààrẹ, wọ Abidjan. Àgọ́ àwọn jandamú tó wà ní Agban, ní Adjamé níbí, ni ìbọn ti ń dún. A ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa. Kò sẹ́ni tó lè jáde lọ pọnmi. Gààrí tó kù nínú ike ni a ń fi ife kékeré wọ̀n, ọmọdé ṣáájú, àgbà lẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo rántí àwọn sójà Etuk. Oṣù mélòó kan ni wọ́n lò nínú irú èyí, ẹni tó rán wọn síbẹ̀ sì wà ní Port Harcourt, kò lè yọ wọ́n.

Etuk ló yọ wọn fúnra rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹrin ọdún 1969 ń parí lọ, wọ́n já òrùka náà lóru, wọ́n gba ìhà gúúsù jáde. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, Owerri ti padà sọ́wọ́ Biafra. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, Ẹ̀ka Kìíní tó ń bọ̀ láti àríwá ti gba Umuahia, ìlú tí Adékúnlé ṣèlérí tí kò lè gbà.

Ní oṣù Karùn-ún, Gowon yọ àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà: Shuwa, Haruna àti Adékúnlé. Ó dára ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó kórìíra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ni. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta, gba ẹ̀ka náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 16. Ọbásanjọ́ kò kánjú. Ó tún oúnjẹ àti ọta tò, ó jẹ́ kí àwọn sójà sinmi, àwọn sójà kan náà tí Adékúnlé kó jọ ló sì fi parí ogun ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, Ojukwu wọ bàálù ní Uli, ó sì forí lé ọ̀dọ̀ Houphouët-Boigny.

Báyìí ni ọ̀tá Àkeekèé Dúdú ṣe di ẹni tó ń gbé ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn ará Àkeekèé Dúdú. Yamoussoukro ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, ó wá sí Bingerville lẹ́yìn náà, ó ń ṣòwò bíi tiwa. Ọdún yẹn náà ni àwọn ẹbí wa láti Ghana ń dé Abidjan pẹ̀lú ẹrù lórí, nítorí Busia, olórí ìjọba Ghana, ti pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé kúrò nílùú. Àbúrò bàbá mi wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo wa la jọ sá wá bá Houphouët, Ojukwu kàn fi bàálù sá tirẹ̀ ni.

Adékúnlé ò pẹ́ lórí àlééfà. Wọ́n ní kó tú èbúté Èkó tó dí fún ọkọ̀ ẹrù, ó sì tú u, bó ṣe máa ń ṣe nǹkan, pẹ̀lú ariwo. Ní ọdún 1974, obìnrin kan tí wọ́n mú pẹ̀lú igbó ní London dárúkọ rẹ̀. Adékúnlé ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, ilé ẹjọ́ kankan kò sì dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n fi tipátipá fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ẹni ọdún 38 ni. Shagari, Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, dárí ji Ojukwu ní ọdún 1982, Ojukwu kúrò lọ́dọ̀ wa, ó padà sílé sínú ayọ̀ èrò rẹpẹtẹ. Adékúnlé tó jagun fún Nàìjíríà jókòó sí Èkó, kò tún wọ aṣọ ológun mọ́.

Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Àwọn àgbà ìlú wa ní Adjamé pe àdúrà. Igbo kan tó ń pàtẹ bàtà níwájú ìsọ̀ mi bá mi lọ, torí ó mọ àwọn àgbà náà, kò sì mọ ẹni tí à ń ṣàdúrà fún títí ó fi jókòó. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bonny, Calabar, Port Harcourt, ó dá sí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ìyá mi wà ní Port Harcourt." Ó ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968 ni ìyá òun fẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀, ó gbé ẹ̀gbọ́n òun pọ̀n, ó lọ sí Aba. Oṣù Kẹsàn-án, sójà kan náà dé Aba, ó tún dìde, ó di Umuahia. Oṣù Kẹrin ọdún 1969, Umuahia náà bọ́, ó wọ igbó. Gbogbo ọjọ́ tí àwa fi ń yin ọmọ wa ni ìyá rẹ̀ fi ń di ẹrù.

Bàbá tó dàgbà jù níbẹ̀ sún àga súnmọ́ ọn. Ó bi í léèrè bóyá ìyá náà padà sí Port Harcourt lẹ́yìn ogun.

Ó ní ó padà, ó bá ẹlòmíràn nínú ilé rẹ̀. Wọ́n ní ilé tí Igbo fi sílẹ̀ sá lọ ti di ti ìjọba. Bàbá náà béèrè bóyá wọ́n rí i gbà padà. Ó ní rárá, wọn ò rí i gbà.